Akọni Ọmọbìnrin Nínú Igbó Ìtàn Àròsọ

Ìwé méjì ni ọ̀rọ̀ ti òní yóò ti gbéra. Èkíní jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2008. The Hunger Games ni àkọlé rẹ̀, Suzanne Collins ni ó sì kọ ọ́. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan tí ń jẹ́ Katniss Everdeen ni olú ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ni baba rẹ̀ kú sí, ṣùgbọ́n kí ó tó kú, ó ti kọ́ ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ ọdẹ. Ọrun àti ọfà ni ọmọ náà fi ń wá oúnjẹ fún ìyá àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ìlú ìnira ni ìlú tí wọ́n ń gbé. Lọ́dọọdún ni àwọn aláṣẹ olú-ìlú ń ṣẹ́ kèké lórí àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 12 sí 18, ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn agbègbè méjìlá. Wọn a kó wọn sí ojú kan, wọn a ní kí wọ́n máa pa ara wọn títí yóò fi ku ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo ìlú a sì máa wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí kèké mú àbúrò Katniss, ó bọ́ síwájú, ó ní òun ni kí wọ́n mú dípò rẹ̀.

Ìwé kejì ti jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958, àádọ́ta ọdún gééré ṣáájú ti Collins. Amos Tutuọla, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ni ó kọ ọ́. The Brave African Huntress ni àkọlé tirẹ̀, Adébísí sì ni orúkọ ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé. Ọmọ ọdẹ ni òun náà. Ó jogún iṣẹ́ ọdẹ lọ́wọ́ baba rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà igbó àwọn aràrá pọ̀n láti lọ wá àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n wọ inú igbó náà tí wọn kò bọ̀.

Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé Collins ka Tutuọla. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì nípa Theseus, àti àwòrán ogun Iraq tí òun rí lórí tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ ọjọ́ kan, ni ó bí ìwé òun. Ohun tí ó gba àfiyèsí ni pé àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ayé mọ ọmọ ọdẹ ti Amẹ́ríkà dunjú. Sinimá rẹ̀ dé gbogbo ilẹ̀ láti ọdún 2012. Èwo nínú àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé wa ni ó gbọ́ orúkọ Adébísí rí? Ibo ni akọni ọmọbìnrin yìí ti wá, kí ni ó gbé e kúrò nínú igbó ìtàn tiwa, kí ni ó sì dé tí ó fi jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ nígbà tí ó padà dé?

Kí ìwé kíkọ tó dé, ọmọbìnrin kò ṣàjèjì nínú igbó ìtàn Yorùbá. Ta ni kò gbọ́ àlọ́ ọmọ òrukàn tí orogún ìyá rẹ̀ rán lọ fọ igbá ní odò tí ó jìnnà? Kò ní idà, kò ní ọfà. Ohun tí ó ní kò ju ìfaradà, ọmọlúàbí, àti etí tí ó gbọ́ ìkìlọ̀ àwọn arúgbó tí ó pàdé lọ́nà. Òun ni ó padà dé pẹ̀lú ọrọ̀. Òótọ́ ni pé àlọ́ mìíràn kì í ṣe ojú àánú sí ọmọbìnrin. Èyí tí ó kọ gbogbo ọkọ sílẹ̀ tí ó wá tẹ̀ lé arẹwà tí ó yá ẹ̀yà ara lò, ìyà ni ó jẹ kí a tó gbà á sílẹ̀. Síbẹ̀, ọmọbìnrin ni ó ń rìn nínú igbó náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìtàn sì ń tẹ̀ lé.

Bí a bá kúrò ní àlọ́ tí a dé orí ìtàn ìwáṣẹ̀, Mọ́remí ni yóò kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn. Ó jẹ́ kí àwọn Ìgbò mú òun lẹ́rú, ó gbé ààfin ọba wọn, ó wádìí àṣírí ìko tí wọ́n fi ń bora tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ fi rò pé iwin ni wọ́n, ó sì padà wá sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé iná ni kí wọ́n fi pàdé wọn. Ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn ni ó gba ọmọ rẹ̀, Olúorogbo, lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún Ẹdì tí wọ́n ń ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ kò jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀. Mọ́remí kì í ṣe ọmọdé, abiyamọ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìwé tuntun Amẹ́ríkà wọ̀nyí ń tà, èyíinì ni obìnrin tí ó fi ara rẹ̀ sí ẹnu ewu kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè là, ti wà lẹ́nu àwọn àgbà wa kí ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ní orúkọ.

Nígbà tí ìtàn àròsọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìwé, obìnrin ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà tí ó dà bí ẹni pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ni ó ń kọ wọ́n, àwọn lẹ́tà náà ni ó sì di ìwé ní 1930. Ohùn obìnrin ni, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tí ó ti fi ayé rẹ̀ ṣòfò, tí àìsàn dá wó, tí ó ń kábàámọ̀, ni. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn èyí, ní 1938, D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, igbó ìtàn Yorùbá sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ta ni ó wọ ibẹ̀? Àkàrà-oògùn ni, Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn ni, Ìmọ̀dòye àti Olóhùn-iyọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ni. Ọkùnrin ni gbogbo wọn.

Kì í ṣe pé obìnrin kò sí nínú ìwé náà. Ìyá Àkàrà-oògùn wà níbẹ̀, àjẹ́ ni, baba Àkàrà-oògùn ni ó sì pa á. Ìrànlọ́wọ́ wà níbẹ̀, obìnrin arẹwà tí ó yọ sí ọdẹ nígbà ìṣòro, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ iṣẹ́ tí a fún un. Èyí tí ó ṣòro fún òǹkàwé òde òní láti kà kọjá ni obìnrin Kàkó. Ó di mọ́ olólùfẹ́ rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀ lọ. Kàkó sì ṣá a pa, nítorí kò gbọdọ̀ pẹ́ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìtàn náà kò dúró pẹ́ níbi òkú náà. Àwọn ọkùnrin ní iṣẹ́ ní iwájú.

Àwọn kan a máa tìtorí èyí dá Fágúnwà lẹ́bi, ẹ̀bi náà sì pọ̀ jù fún un. Àwùjọ tí ó bí i ni ó kọ nípa rẹ̀. Ọdẹ ni ó ń wọ igbó, ọkùnrin ni ó sì ń ṣe ọdẹ. Ó fi ìwé náà sínú ìdíje ìwé kíkọ tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní 1936, kò sì sí ìwé irú rẹ̀ níwájú rẹ̀ tí ó lè wò ṣe. Yàtọ̀ sí èyí, àṣìṣe náà kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn Fágúnwà, ní 1968, obìnrin Amẹ́ríkà kan, Ursula Le Guin, kọ ìwé A Wizard of Earthsea fún àwọn ọ̀dọ́. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olóògùn sílẹ̀ nínú ìtàn náà, kò sì jẹ́ kí ọmọbìnrin kankan wọ ọgbà rẹ̀! Ó fi ọmọbìnrin kan, Tenar, ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn ní 1971, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa kọ Tehanu ní 1990 ni ó tó padà wá bi ìtàn ara rẹ̀ léèrè ìdí tí agbára fi jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Ó sì jẹ́wọ́ ní gbangba pé bí àwọn ọkùnrin ti ń kọ ọ́ ni òun náà ṣe kọ́ ọ láti kọ. Bí obìnrin tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà bá lè lo ọdún méjìlélógún kí ó tó rí i, a lè fi ọwọ́ rọra mú olùkọ́ láti Òkè-Igbó.

Ẹni tí ó tètè rí i ni Tutuọla. Kò kàwé púpọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa ni ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣẹ̀sín nígbà tí The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kẹta, ti 1955, Simbi and the Satyr of the Dark Jungle, ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe nínú irú ìtàn yìí láàárín wa. Ọmọ olówó ni Simbi. Ìyá rẹ̀ ni ó lọ́rọ̀ jù ní abúlé wọn, ohùn rẹ̀ dùn nínú orin, kò sì mọ ìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìyà. Ìgbádùn náà sú u. Ó ní òun fẹ́ mọ ìṣẹ́, òun sì fẹ́ mọ ìyà. Ó tọ babaláwo lọ, ó rúbọ ní oríta, ajínigbé sì gbé e láti ibẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà ikú. Wọ́n tà á lẹ́rú, ó sá, ó dojú kọ abàmì ẹ̀dá inú igbó dúdú náà, ó ṣẹ́gun rẹ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ rìn ni ó padà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ìwé yìí jinlẹ̀ ju bí wọ́n ti ń kà á lọ. Katniss kò yan ìyà. Ìjọba ni ó fi í sínú rẹ̀. Adébísí wọ igbó nítorí àwọn arákùnrin rẹ̀. Simbi nìkan ni ó wọ ibẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ mọ nǹkan. Òmìnira tí Fágúnwà fún àwọn ọdẹ rẹ̀, pé ènìyàn lè jáde nílé kí ó lọ wo bí ayé ti rí, ni Tutuọla mú tí ó fi fún ọmọbìnrin. Kò jẹ́ kí ó rọrùn fún un o. Simbi kábàámọ̀, ó sunkún, ebi pa á. Ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin tí ó wá ṣá a pa ní ẹnu ọ̀nà kí ìtàn lè máa lọ. Adébísí tí ó tẹ̀ lé e ní 1958 tún lo ọgbọ́n mọ́ agbára: ó di onígbàjámọ̀ ọba tí ó ní ìwo lórí, èyí tí a mọ̀ nínú àlọ́, kí ó tó dé igbó tí ó ń lọ.

Ọdún 1955 tí Simbi jáde yìí kan náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọmọbìnrin rẹpẹtẹ, tí àwọn òbí wọn kò bá má rán lọ sí ilé-ìwé, sì jókòó ní kíláàsì. Fágúnwà ni wọ́n bá níbẹ̀ ní èdè wọn, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Simbi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé tí owó rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ baba wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ti kúrò nínú igbó díẹ̀díẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí kọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin ní 1969 nípa àwọn ènìyàn tí a ń ni lára tí wọ́n jà fún òmìnira, ìwé tí ó sún mọ́ irú ti Collins ju bí ènìyàn ti lè rò. Ọ̀dọ́kùnrin, Àjàyí, ni ó ṣíwájú nínú ìjà náà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé obìnrin alágbára jáde nínú ìwé eré oníṣe ní 1970, ṣùgbọ́n Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni, ìkà rẹ̀ ni a sì fi ń rántí rẹ̀.

Ní òdìkejì òkun, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Robin McKinley gba ẹ̀bùn Newbery ní 1985 fún ìwé kan nípa ọmọ ọba obìnrin tí ó ń pa dírágónì. Lẹ́yìn àṣeyọrí Collins, irú rẹ̀ rọ́ jáde bí eéṣú, tí Divergent ti Veronica Roth ní 2011 sì wà lára àwọn tí ó lókìkí jù. A kò ní pẹ́ lórí wọn, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò ju àwòkọ ara wọn lọ.

Èyí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ìwé Octavia Butler, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Parable of the Sower ni wọ́n ń pè é, ọdún 1993 ni ó jáde. Ọdún 2024, tí ó ti kọjá lẹ́yìn wa báyìí, ni ìtàn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀: omi wọ́n gógó ní California, iná ń jó ilé, àwọn ènìyàn mọ odi yí àdúgbò ká kí olè má bàa wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọmọbìnrin tí ó ń sọ ìtàn náà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Lauren Olamina ni orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ Yorùbá ni. Butler ṣàlàyé nínú ìtàn pé ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń pa orúkọ ẹrú tì, ni ìdílé náà mú un. Dókítà tí Lauren padà wá fẹ́ ń jẹ́ Bankole, ọ̀nà kan náà ni ìdílé tirẹ̀ sì gbà di Bankole. Èyí kì í ṣe àròsọ lásán. Irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí a dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970. Agbára Lauren kò sí nínú ìjà. Ó ti ka ìwé nípa ewé àti gbòǹgbò tí ó ṣeé jẹ, ó ti di ẹrù sílẹ̀, ó ti tọ́jú èso gbígbìn kí odi tó wó. Nígbà tí odi wó tí wọ́n sì pa àwọn ènìyàn rẹ̀, ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí àríwá. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, iná jó ọ̀pọ̀ ilé run ní Altadena, ní California, níbi tí a sin Butler sí.

Ọmọ tiwa gan-an ni ó kàn. Tomi Adeyemi, tí a bí ní Amẹ́ríkà ní 1993 fún òbí tí wọ́n ṣí láti Nàìjíríà, gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá rẹ̀ ní Harvard, ó sì lọ sí ìlú Salvador ní Bahia, ilẹ̀ Brazil. Nínú ilé ìtajà kan níbẹ̀ ni ó ti rí àwòrán àwọn òrìṣà Yorùbá, ìtàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú sókè nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ènìyàn béèrè ohun tí òrìṣà ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù ní Salvador. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ ká ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa ni wọ́n tà sí Bahia, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Nagô. Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí tí ó wáyé níbẹ̀ ní 1835. Àwọn obìnrin sì wà ní iwájú àwọn tí wọ́n tọ́jú òrìṣà. Ìtàn ilé òrìṣà Casa Branca ń sọ nípa Ìyá Nàsó àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1910, Eugênia Anna dos Santos, tí wọ́n ń pè ní Mãe Aninha, dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀. Láìsí irú àwọn ìyá wọ̀nyí, kò sí àwòrán kankan tí ọmọbìnrin láti Amẹ́ríkà ì bá rí.

Ìwé tí ó ti ibẹ̀ jáde ní 2018 ni Children of Blood and Bone. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ti gba ipò kìíní láàárín àwọn ìwé ọ̀dọ́ tí ó ń tà jù ní Amẹ́ríkà. Zélie ni akọni rẹ̀. Ọba Saran ti pa gbogbo àwọn tí ó ní agbára òrìṣà, wọ́n sì ti so ìyá Zélie kọ́ sórí igi ní ojú rẹ̀. Òun àti ọmọ ọba obìnrin kan, Amari, tí ó jí ìwé kíká mímọ́ sá kúrò láàfin, ni wọ́n jọ ń wá ọ̀nà tí agbára náà yóò fi padà. Ọya ni òrìṣà Zélie, òkú ni agbára rẹ̀ sì so mọ́; Ọya kan náà ni wọ́n ń pè ní Iansã ní Bahia, tí wọ́n sì gbà pé kò bẹ̀rù òkú. Adeyemi kò fi ìdí tí ó fi kọ ọ́ pamọ́: ní òpin ìwé náà, ó sọ pé pípa tí àwọn ọlọ́pàá ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ni ó wà lọ́kàn òun.

Ọmọ Ìlọrin tí ó bá ka ìwé náà yóò rẹ́rìn-ín, nítorí Ìlọrin inú rẹ̀ ń léfòó lórí òkun. Àmì méjì tí wọ́n tò sórí lẹ́tà kan nínú orúkọ ilẹ̀ náà, Orïsha, kì í ṣe ti Yorùbá rárá. Àwọn òbí mìíràn sì ń kùn pé òrìṣà kò yẹ nínú ìwé ọmọdé, bí ẹni pé àwọn kò gbọ́ àlọ́ rí. Ìwọ̀nyí kéré. Èyí tí ó tóbi ni pé nínú ìwé náà, Yorùbá ni èdè tí a fi ń pe agbára, ọba sì ti fi òfin dè é. Àwọn ọmọ kò gbọ́ èdè ìyá wọn mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn ń sọ láti ojú ìwé kìíní dé èyí tí ó gbẹ̀yìn, tí Yorùbá a sì máa yọ fìrí nínú ọfọ̀ bí mànàmáná.

Ọba Saran kankan kò jẹ rí ní ilẹ̀ wa. Ní 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Síbẹ̀, ilé-ìwé tí ó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá kò wọ́n láàárín wa, àwọn òbí ni ó sì ń sanwó ilé-ìwé náà tayọ̀tayọ̀. Ọmọbìnrin tí ó jáde láti ibẹ̀ ni ó ń ra ìwé Adeyemi. Ó ń ka ọfọ̀ inú rẹ̀, kò mọ ohùn rẹ̀, kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì ń sunkún nítorí Zélie tí wọ́n gba èdè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ mú The Palm-Wine Drinkard, wọ́n dá a padà sí Yorùbá lórí ìtàgé ní Ìbàdàn, wọ́n pè é ní Ọ̀mùtí, gbogbo ilẹ̀ sì gbọ́. Ọkùnrin tí ó ń wá adẹ́mu rẹ̀ kiri ti padà sílé láti ìgbà náà. A kò tíì rí eré Yorùbá tí òkìkí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi Simbi ṣe, tàbí Adébísí ọmọ ọdẹ.